Ta ló ni wáàsí, ìwé kéú àti orin Islam? Àlàyé lórí kọ́píráìtì àti ìgbà tó yẹ ká lọ bá agbẹjọ́rò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè, tó sì fi kálàmù dá a lọ́lá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ìjà kan wà tó ń lọ láàrin wa tí a kì í fẹ́ sọ síta. Àfáà kan á jókòó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láti ṣètò ìwé kékeré tí àwọn ọmọ ilé-kéú yóò fi mọ nahwu. Á yá owó tẹ ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà. Kí ó tó ta ìdajì, ilé-kéú bíi mẹ́rin ti ṣe fótòkọ́pì rẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn, èyí tó kù yóò sì wà nínú yàrá tí ikán ń jẹ ẹ́. Olórin Islam á gbé orin tuntun jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí ó tó di Àlàmísì, àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì kààdì lẹ́bàá ọ̀nà ti ń tà á. Àfáà mìíràn á ṣe wáàsí wákàtí méjì, ẹnì kan á gé ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, á fi àkọlé tí kò bá ọ̀rọ̀ mu sí i, gbogbo ayé á sì máa bú àfáà náà.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun méjì la sábà máa ń ṣe. A lè ní a ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun, tàbí ká kó ọlọ́pàá lọ mú ẹni náà. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ṣòfò. Ti èkejì ń sọ ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà kan ṣoṣo ìbá parí di ọ̀tá àtìrandíran. Ọ̀nà mìíràn wà láàrin méjèèjì: ká mọ ohun tí òfin sọ, ká mọ ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe, ká sì mọ ibi tí ọwọ́ wa kò dé mọ́, tó fi yẹ ká lọ bá agbẹjọ́rò. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Kí ni kọ́píráìtì?

Kọ́píráìtì, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ, ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó fi ọpọlọ àti làálàá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á kọ, láti tẹ̀ ẹ́, láti tà á, láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, láti gbé e sórí rédíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí láti fún ẹlòmíràn láṣẹ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń ṣe àkóso rẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí ni Òfin Kọ́píráìtì ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o ni Àjọ Kọ́píráìtì Nàìjíríà, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abuja.

Oríṣi iṣẹ́ mẹ́fà ni òfin náà dáàbò bò: iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àti ìwé, orin, iṣẹ́ ọnà (fọ́tò wà lára rẹ̀), fídíò àti sinimá, ohùn tí a gbà sílẹ̀, àti ètò orí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ohun méjì ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìwé, tó kọ orin tàbí tó ya àwòrán. Èkíní ni pé kí ẹni náà ti sapá débi tí iṣẹ́ náà fi jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn da ti ẹlòmíràn kọ. Èkejì ni pé kí iṣẹ́ náà ti wà lórí nǹkan tí a lè padà lọ wò tàbí gbọ́: lórí ìwé, nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, lórí téèpù.

Ẹ kíyèsí i pé òfin kò dáàbò bo èrò inú. Bí ẹ bá kọ ìwé lórí bí a ṣe ń pín ogún, ẹ kò lè ní kí àfáà mìíràn má kọ ìwé lórí ogún mọ́. Ìmọ̀ ogún kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ohun tó jẹ́ tiyín ni bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yín, àwọn àpẹẹrẹ tí ẹ fúnra yín ronú kàn, àti àwọn ìbéèrè tí ẹ kọ sí ẹ̀yìn orí kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, orúkọ ilé-kéú tàbí ti ẹgbẹ́ Asalatu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì. Ọ̀dọ̀ àjọ CAC ni wọ́n ti ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àmì ìdánimọ̀ ọjà sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Abuja. Ọ̀pọ̀ ló ń fi owó ṣòfò nítorí pé ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń kàn.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ni pé, “Àfáà, ṣé mo gbọ́dọ̀ forúkọ ìwé mi sílẹ̀ kí n tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀?” Rárá o. Láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti dé. Ṣùgbọ́n Àjọ Kọ́píráìtì ní ètò ìforúkọsílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n sì ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni kì í ṣe òun ló ń dá ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Ó wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ọjọ́ tí iṣẹ́ yín ti wà, bí ẹnì kan bá dìde lọ́la tó ní òun ló kọ ọ́.

Wáàsí kan, ẹ̀tọ́ méjì

Ó lè ya yín lẹ́nu pé òfin Nàìjíríà dárúkọ wáàsí. Níbi tí òfin ti ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àti ìwé, ó ka lẹ́kíṣọ̀, ọ̀rọ̀ àsọyé àti ìwàásù mọ́ ọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àfáà jáde, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí gbà á sílẹ̀, àfáà ló ni ín.

Ṣùgbọ́n fídíò wáàsí náà ńkọ́? Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ojú òfin, ẹni tó ṣètò bí wọ́n ṣe ya fídíò ni a kà sí ẹni tó ṣe é: ẹni tó gbé kámẹ́rà wá, tó sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́, tó jókòó tò ó pọ̀. Òun náà ní ẹ̀tọ́ lórí fídíò ọ̀hún. Ẹ̀tọ́ méjì ló wá wà nínú fídíò kan ṣoṣo. Àfáà kò lè kàn gba fídíò tí ẹlòmíràn ná owó yà, kó gbé e sí ìkànnì tirẹ̀. Oníkámẹ́rà náà kò lè máa ta wáàsí àfáà láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí kò tíì sí owó nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ọjọ́ tí YouTube bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ni wọ́n máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kẹta kún un: ẹgbẹ́ tàbí ìdílé tó pe àfáà wá sí òde wáàsí. Wọ́n sanwó ọkọ̀, wọ́n sì fi nǹkan sí i lápò. Ṣé ìyẹn ti sọ wáàsí di tiwọn? Kò sọ ọ́ di tiwọn. Òfin sọ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé kọ́píráìtì rẹ̀ fún ẹlòmíràn pátápátá, tàbí kó fún ẹnì kan ṣoṣo ní àṣẹ tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Owó tí a fún àfáà kò tó.

Kì í ṣe òfin ìjọba nìkan ló kọ́ wa ní èyí. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, tó jẹ́ āyah tó gùn jù nínú Al-Kùránì, Ọlọ́hun ní ká máa kọ gbèsè tó ní gbèdéke sílẹ̀, ká wá akọ̀wé olódodo, ká sì wá ẹlẹ́rìí. A máa ń ka āyah yìí nínú tafsir, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di àárín àfáà àti ọmọ rẹ̀ tó ń gbé kámẹ́rà, ojú á máa tì wá láti kọ nǹkan kan.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ti tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni méjèèjì àti ọjọ́ sí i. Ẹ kọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ni fídíò, ìkànnì tí wọn yóò gbé e sí, bóyá ẹnì kan lè gé e kúrú, bí ẹ ó ṣe pín owó tó bá wọlé, iye ọdún tí àdéhùn náà yóò fi wà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn fídíò àtijọ́ bí ẹ bá pínyà. Kí ẹ méjèèjì buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí. Ohun tó ń ba àárín jẹ́ jù ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, torí kò sẹ́ni tó máa ń ronú ìpínyà lọ́jọ́ tí ìfẹ́ ṣì gbóná.

Yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ owó, òfin tún fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ iyì: pé kí a dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, àti pé kí a má yí iṣẹ́ rẹ̀ po lọ́nà tó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀tọ́ yìí ni àfáà tí wọ́n gé wáàsí rẹ̀ lé lọ́rùn lè dì mú. Bí ó tilẹ̀ ti gbé ẹ̀tọ́ owó fún ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ iyì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè.

“Ìmọ̀ ti Ọlọ́hun ni”

Àwọn kan máa ń sọ pé ìmọ̀ ti Ọlọ́hun ni, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má da ìwé òun kọ ń fi ìmọ̀ pamọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò pé. Kò sẹ́ni tó ni āyah Al-Kùránì, kò sì sẹ́ni tó ni hádíìsì Ànábì. Àmọ́ ìtumọ̀ Al-Kùránì sí Yorùbá tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́wàá ṣe, àlàyé tó kọ sí ìsàlẹ̀, tàbí téèpù tí a fi gba ohùn ẹni tó ń kéú sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni.

Ìgbìmọ̀ Fíqíhì Àgbáyé, tó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Kuwait ní oṣù Kejìlá ọdún 1988. Nínú ìpinnu wọn kẹtàlélógójì, wọ́n ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, ti ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, orúkọ òwò àti àmì òwò, gbogbo rẹ̀ ló ti di dúkìá tó ní iye lórí, tí Sharia dáàbò bò, tí kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lójú. Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọn kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àfáà àgbà ń tẹ̀ lé lónìí. Ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣòro: Sūratun-Nisā’, āyah 29, kọ̀ fún wa láti jẹ dúkìá ara wa lọ́nà èrú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun jẹ́ sàdákátù járíà, kó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́, kó má yí i padà, kó má tà á. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun ọwọ́ ẹni la fi ń ṣe sàdáká, a kì í fi ohun olóhun ṣe é.

Báwo ni ẹ̀tọ́ náà ṣe ń pẹ́ tó?

Fún ìwé, orin tí a kọ àti iṣẹ́ ọnà, ẹ̀tọ́ wà ní gbogbo ìgbà ayé ẹni tó ṣe é, àti 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Fún fọ́tò, fídíò àti ohùn tí a gbà sílẹ̀, 50 ọdún ni, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory, tó dá Markaz Agége sílẹ̀, di olóògbé ní ọdún 1992. Ẹ ka 70 ọdún láti ìparí ọdún yẹn: ìwé tó kọ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di ìparí ọdún 2062. Pé ènìyàn rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí fóònù kò sọ ọ́ di ohun tí kò ní olówó. Ikú àfáà kò pa ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó di ogún, bí ilé àti ilẹ̀ ṣe ń di ogún.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé àfáà ti ń tú ká. Bí bàbá bá ti kú, ọmọ kan á lọ tẹ ìwé ní Ìbàdàn, èkejì á gbé e fún ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní Èkó, ẹ̀kẹta á ta fídíò wáàsí. Ní Kwara, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Sharia wà. Ní Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì, ìjọba kò ní irú rẹ̀. Mùsùlùmí tó ń gbé níbẹ̀, tó bá fẹ́ kí wọ́n pín ohun ìní òun bí Al-Kùránì ṣe là á sílẹ̀, yóò dára kó kọ ìwé ìhágún, kó sì dárúkọ àwọn ìwé àti àwọn téèpù rẹ̀ sínú rẹ̀, kó yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó wọn fún gbogbo àwọn ajogún.

Ohun tí òfin gbà láàyè

Òfin kò ní ká má fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn rárá. Ẹ lè da díẹ̀ kọ fún ìlò ara yín, fún ẹ̀kọ́ tàbí ìwádìí tí kò ní owó nínú. Ẹ lè mú díẹ̀ nínú ìwé kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti fèsì sí i, tàbí láti fi ṣe ìròyìn, bí ẹ bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Òfin tún fi àyè sílẹ̀ láti sọ ìwé di irú èyí tí àwọn afọ́jú lè kà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan kò kọjá àyè rẹ̀, wọ́n á wo ohun tó fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tó mú ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó ba ọjà olóhun jẹ́.

Àwọn àwáwí kan wà tí kò wọlé. “Mo dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀” kò dúró fún àṣẹ. “N kò gba kọ́bọ̀” kò ní kí olóhun má pàdánù. “Orí WhatsApp ni mo ti rí i” kò sọ ẹni tó ni ín. “Mo ti ra ìwé náà” túmọ̀ sí pé ẹ̀dà kan yẹn ni tiyín, ẹ lè kà á, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ kò kàn lè tẹ igba mìíràn jáde nínú rẹ̀. Ilé-kéú tó ń ṣe fótòkọ́pì odindi ìwé fún ọgọ́rùn-ún ọmọ, tó sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí, ti kọjá ibi tí òfin fi sí.

Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fẹ́ agbẹjọ́rò. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ yín níbi tí kò yẹ, ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ kí ẹ tó pariwo. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tí ọjọ́ àti orúkọ ìkànnì hàn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé, ẹ ra ẹ̀dà kan, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ wá ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ fọwọ́ kọ, fáìlì inú kọ̀ǹpútà àti ìwé tí ilé ìtẹ̀wé fún yín. Ẹni tó bá ti bú ẹni náà lórí Facebook kí ó tó kó ẹ̀rí jọ ti kìlọ̀ fún un pé kó pa tirẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ̀wé sí i. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ tiyín, ibi tí ẹ ti rí i, àti ohun tí ẹ fẹ́: ṣé kó yọ ọ́ kúrò ni, ṣé kó dárúkọ yín ni, ṣé kó wá san nǹkan ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń parí síbẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é kò mọ̀ pé olóhun ń wò wọ́n.

Bí orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ni, YouTube àti Facebook ní fọ́ọ̀mù tí ẹ lè fi béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Òfin ọdún 2022 náà là á sílẹ̀ pé ẹni tó ni iṣẹ́ lè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó gbé e sójú ayé. Wọn yóò sọ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀, bí kò bá sì fi ọjọ́ mẹ́wàá sọ ìdí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́ọ̀mù yìí bá ọ̀tá jà. Ẹni tó bá ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ lè fi ara rẹ̀ sínú ẹjọ́, irọ́ ni, irọ́ sì burú lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ bá agbẹjọ́rò

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ẹ kò tíì buwọ́ lu nǹkan kan. Bí ilé ìtẹ̀wé, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, tàbí ẹni tó fẹ́ máa bójú tó ìkànnì yín bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ má buwọ́ lù ú lórí ẹni lọ́jọ́ kan náà. Owó tí agbẹjọ́rò yóò gbà láti ka ojú ìwé mẹ́ta kéré sí ohun tí ẹ ó pàdánù bí ẹ bá gbé ẹ̀tọ́ lórí gbogbo orin tí ẹ ó kọ láyé yín fún ẹnì kan láìmọ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé mò ń ta iṣẹ́ yìí ni àbí mò ń yá wọn lò? Títí di ìgbà wo? Báwo ni mo ṣe lè jáde?

Èkejì ni bí ẹni náà bá ń pa owó gidi lórí iṣẹ́ yín, tàbí tí ẹ ti kọ̀wé sí i tí kò dáhùn. Lẹ́tà tó wá láti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò máa ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó ronú.

Ẹ̀kẹta ni bí àríyànjiyàn bá wà lórí ẹni tó ni iṣẹ́: ẹni méjì ló jọ kọ ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe àkójọ wáàsí olùkọ́ rẹ̀, tàbí àwọn ajogún kò fẹnu kò.

Ẹ̀kẹrin ni bí ẹni tí ẹ fẹ̀sùn kàn lórí YouTube bá fèsì pé òun ló ni ín. YouTube kì í dá irú ẹjọ́ yẹn. Wọn yóò fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fi hàn pé ẹ ti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dá fídíò náà padà.

Ẹ̀karùn-ún ni bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni wọ́n kọ̀wé sí. Ẹ má ya lẹ́tà náà, ẹ má sì fi ìbínú fèsì. Ẹ dá ohun tí wọ́n ń ṣàròyé lé lórí dúró ná, ẹ má pa ẹ̀rí rẹ́, kí ẹ sì gbé lẹ́tà náà lọ fún agbẹjọ́rò kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Bí ìkànnì YouTube bá gba ìkìlọ̀ kọ́píráìtì mẹ́ta láàrin 90 ọjọ́, wọ́n lè pa odindi ìkànnì náà rẹ́, pẹ̀lú gbogbo wáàsí tó wà níbẹ̀.

Ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dáadáa lè má mọ ti kọ́píráìtì. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ béèrè iye tí lẹ́tà nìkan yóò jẹ́ àti iye tí ẹjọ́ yóò jẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ ń lọ

Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ni òfin ilẹ̀ wa fún ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ kọ́píráìtì. Kì í ṣe kọ́ọ̀tù màjísíréètì, kì í ṣe kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ síbẹ̀ yóò ná owó àti àkókò lásán. Ilé-ẹjọ́ yìí lè pàṣẹ kí ẹni náà jáwọ́, kó san owó gbà-máà-bínú, kó sì kó èrè tó jẹ sílẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: olóògbé Peter Obe, ògbóǹtarìgì ayàwòrán tó ya ọ̀pọ̀ fọ́tò ogun abẹ́lé Nàìjíríà, pe ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan lẹ́jọ́ pé wọ́n lo fọ́tò òun láìgba àṣẹ, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre.

Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń tẹ ayédèrú ìwé tàbí tó ń kó orin tà ní iye púpọ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ lójú ìjọba ni pẹ̀lú. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí Àjọ Kọ́píráìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn lágbára láti wọ ilé ìtẹ̀wé, láti kó ẹrù, kí wọ́n sì mú ènìyàn lọ sí kọ́ọ̀tù, níbi tí ó ti lè di owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n. Èyí dára ju kí ẹ bẹ ọlọ́pàá àdúgbò lọ́wẹ̀ lọ.

Àwọn olórin lè dara pọ̀ mọ́ MCSN, àwọn òǹkọ̀wé sì ní REPRONIG. Iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni láti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì pín in fún wọn. Bí ẹni tó ń da iṣẹ́ yín kọ bá wà ní London tàbí Cotonou, ẹ̀tọ́ yín kò kú. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn Berne láti ọdún 1993, orílẹ̀-èdè tó bá sì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáàbò bo iṣẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì. Òfin ibẹ̀ ni wọn yóò fi dá a, ẹ ó sì nílò agbẹjọ́rò ibẹ̀.

A kò sọ pé kí Mùsùlùmí máa sáré lọ sí kọ́ọ̀tù. Sulhu dára. Ìmáàmù tàbí àgbà àfáà lè jókòó láàrin ẹni méjì, wọ́n á sì jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí agbẹjọ́rò sì wò ó, kí ìlàjà tòní má di ìjà tọ̀la.

Ẹ̀yin àfáà wa, ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin olùdarí ilé-kéú àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé kámẹ́rà kiri: bí ẹ bá ní wáàsí kan tàbí ìwé kan tí ẹ jọ ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, tí kò sì sí ìwé láàrin yín, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹun láìgba àṣẹ, ẹ pè é lórí fóònù kí ó tó pè yín. Èyí tí a kọ yìí jẹ́ àlàyé fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, agbẹjọ́rò tó rí ìwé yín ló lè sọ bó ṣe rí.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì tó wa, kó má jẹ́ ká jẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ tiwa. Àmín.